Ta ló ń pinnu ọjọ́ tí ọmọ yóò kọ́kọ́ jẹun?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá àti ìyá àgbà sọ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ pọn ọmọ wá, ẹ kú ọmọ lọ́wọ́ o, Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Mo rí i pé àwọn ìyá ọmọ ló kún iwájú, àwọn ìyá àgbà wá lọ fara ti ògiri lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ àyè. Kí àwọn ìyá àgbà bọ́ síwájú, torí ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún yẹn, ìyá ọmọ la máa ń pè jókòó ní kílíníìkì, òun là ń kọ́, òun náà là ń bá wí. Á mi orí, á ní, "Ẹ ṣé, mà." Tó bá délé, ìyá ọkọ ẹ̀ á gbé ọmọ, á fọwọ́ kan ikùn ẹ̀, á ní, "Ebi ń pa ọmọ yìí." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ta ni ọmọbìnrin ọdún méjìlélógún tó máa la ẹnu sọ fún ìyá ọkọ pé kì í ṣe ebi? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ilé wa níbí, àgbà tó ń bá wa gbé orí ọmọ dúró náà ló mú ṣíbí lọ́wọ́. Ẹni tó mú ṣíbí lọ́wọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn ni pé ìgbà wo ló yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìdáhùn ẹ̀ ò gùn. Kí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ìyẹn 180 ọjọ́, kí ohun mìíràn yàtọ̀ sí ọmú ìyá tó kan ètè rẹ̀. Kì í ṣe omi, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe ẹ̀kọ. Àfi oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Ọjọ́ tó bá pé oṣù mẹ́fà, kí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, kí ọmú sì máa bá a lọ títí á fi pé ọdún méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní WHO, àti UNICEF fi ẹnu kò lé lórí nìyẹn. Ká ní ìyẹn nìkan ni, ǹ bá ti jókòó. Àmọ́ ẹ ti gbọ́ oṣù mẹ́fà yìí rí. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri kílíníìkì, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí ìlera ìdílé káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Àwọn ìyá 71 tó kù gbọ́, wọn ò gbà. Mo fẹ́ mọ ìdí tí wọn ò fi gbà, mi ò sì fẹ́ bú ẹnikẹ́ni.

Ìdí kan wà tí a kì í sọ jáde. Ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ bímọ ní 1985, ní 1990, títí dé 1998, ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ fún yín nígbà yẹn. Oṣù mẹ́rin. "Tó bá ti ń wọ oṣù karùn-ún, ẹ lè máa fún un ní ògì díẹ̀díẹ̀." Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé alára ń sọ nígbà náà ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọdún 2001 ni wọ́n tó yí i padà, lẹ́yìn tí wọ́n fi àwọn ọmọ tó mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà wé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọ́n rí i pé ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe àwọn ti àkọ́kọ́ tó bó ṣe ń ṣe àwọn ti ìkejì, ìdàgbàsókè wọn kò sì fi nǹkan kan dín. Nítorí náà, tí ìyá àgbà bá sọ pé, "Oṣù mẹ́rin la fi bẹ̀rẹ̀ tiwa, nọ́ọ̀sì ló sì sọ fún wa," òótọ́ ló ń sọ. Èmi gan-an wà lára nọ́ọ̀sì tó sọ ọ́. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo dúró níwájú àwọn aboyún, mo sọ ọ́ tìdánilójú-tìdánilójú. A yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn náà, a ò sì padà wá sọ fún yín pé a ti yí i. Ọmọ yín obìnrin àti ìyàwó ọmọ yín la lọ sọ fún. A wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bá yín jà nínú ilé lórí ohun tí àwa fúnra wa kọ́ yín. Ẹ má bínú o. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Èmi náà jẹ nínú ẹ̀. Àkọ́bí mi kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìyá ọkọ mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹ̀kọ. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ẹ̀mí ara wọn lọ. Ó ń ké lálaalẹ́, wọ́n ní ọmọkùnrin ni, omi ọmú lásán ò lè mú un dúró. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì dákẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìgbẹ́ gbuuru fi dé. Ní ọjọ́ kejì ojú ẹ̀ ti jìn wọlé, àwùjẹ̀ ẹ̀ rì bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, omijé ò jáde mọ́ tó bá ń sunkún. Ilé ìwòsàn la sùn fún ọjọ́ márùn-ún. Ìyá ọkọ mi ò jẹun, wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà yè, òun náà ti bímọ tiẹ̀. Àmọ́ mo ti jókòó ti àwọn ìyá mìíràn tí tiwọn ò yè, fún ẹ̀kọ kan náà, fún ìfẹ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ̀kọ yẹn kò ní májèlé. Omi tí a fi fọ ife ni, ṣíbí tó wà nílẹ̀ tí eṣinṣin bà lé ni, ẹ̀kọ àárọ̀ tí a dé sílẹ̀ di ọ̀sán ni. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́ta ò tíì mọ bí a ṣe ń bá irú nǹkan wọ̀nyẹn jà, ọmú sì ni ohun ìjà tí ìyá ń fi ránṣẹ́ sí i. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà ọmọdé kan nílẹ̀ Yúróòpù gbà pé a lè bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 17 sí ọ̀sẹ̀ 26. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. N ò bá wọn jiyàn. Omi ẹ̀rọ tiwọn mọ́ láti ìdí wá, fíríìjì wọn kì í kú. Tiwa ńkọ́? Kànga wà, bóhòòlù wà, omi tánkà wà, omi inú kẹ́ẹ̀gì tó ti sùn lẹ́yìnkùlé fún ọjọ́ mẹ́ta náà wà. Ẹ wo omi tẹ́ ẹ máa fi fọ ife yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ fún mi pé oṣù mẹ́rin ò burú.

Ọmọ ń ké ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ibí la ti ń ṣìnà. Ọmú kì í ṣe ìkòkò omi, tí a ń bù tó ń tán. Ó dà bí ìsun: bí a bá ṣe ń pọn ọ́n ló ṣe ń sun. Ọmọ fà á dáadáa, ara ìyá gbọ́, ó pèsè sí i. Tó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti oṣù mẹ́ta, ọmọ á kàn ṣàdédé fẹ́ máa mu ọmú ní wákàtí-wákàtí, á máa ké lálẹ́, á máa ja orí ọmú. Ara ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmú púpọ̀ sí i. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọmú á bá a. Àmọ́ ọjọ́ kejì yẹn gan-an ni ìyá àgbà á dìde lọ sídìí ògì. Ẹ̀kọ kún ikùn ọmọ, ó sùn. Gbogbo ilé ní, "Ṣé ẹ rí i? Ebi ni." Àmọ́ torí pé ó yó, kò fa ọmú bíi tàná. Ara ìyá gbọ́ pé wọn ò fẹ́ ẹ mọ́, ó dín in kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọmú ò wá tó lóòótọ́. A wá ń sọ pé, "Ṣebí a ti sọ pé ọmú ẹ̀ ò tó." Àwa la gba omi lẹ́nu ìsun, tá a tún ń bú ìsun pé ó gbẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmú tó, ẹ má wo ẹkún. Ẹ ka ìtọ̀. Ọmọ tó ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, tí ìtọ̀ ẹ̀ ò pọ́n, tí ìwọ̀n ẹ̀ sì ń gòkè lórí káàdì, ọmú ń tó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nítorí ooru, ẹ gbọ́ èyí: nínú 100 ìwọ̀n omi ọmú, nǹkan bí 87 ló jẹ́ omi. Òùngbẹ àti ebi ni ọmú ń bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ọmọ ni kẹ́ ẹ fún lómi.

Mo dárúkọ káàdì. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí orí mi máa ń wú tí mo bá rántí rẹ̀. Káàdì tí wọ́n ń fa ìlà sí nígbà tí wọ́n bá wọn ọmọ yín, tí gbogbo ayé ń lò lónìí, ilẹ̀ Yorùbá ló ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmesí-Ilé. Ó rí i pé ọmọ á ti máa rù fún oṣù mélòó kan kí ìyá tó fura, torí ojú tó ń rí ọmọ lójoojúmọ́ kì í tètè rí i pé ó ń dín. Ó wá fa ìlà sórí páálí, ó fún ìyá kó tọ́jú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ wo káàdì ọmọ yín tẹ́ ẹ bá délé. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí mo ti rí, ìlà yẹn á máa gòkè bí àtẹ̀gùn títí dé oṣù karùn-ún, ìkẹfà. Ẹ̀yìn ìyẹn, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tó yẹ kí oúnjẹ dé ni ìlà ń tẹ́. Èmi ò rò pé à ń sọ ìyẹn tó.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ falẹ̀ kọjá oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ọmọ wà níkùn, ìyá fún un ní èròjà irin pa mọ́, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ohun tí ó fún un yẹn máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Irin inú ọmú kéré. Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò sí oúnjẹ gidi, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ọmọ á máa rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ á funfun. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé kí wọ́n tó bí i, tiẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀. Irú wọn ní láti wà lábẹ́ ojú dókítà, kí wọ́n má fi ti ọmọ aládùúgbò ṣe òṣùwọ̀n.

Ara ọmọ náà á sì sọ fún yín. Ọrùn ẹ̀ á le, á lè jókòó tí a bá fi nǹkan díẹ̀ tì í lẹ́yìn, á rí oúnjẹ á na ọwọ́ sí i, á gbé e lọ sẹ́nu. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ahọ́n. Ọmọ oṣù mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, ahọ́n ẹ̀ á tì í síta. Ìyá àgbà á fi ìka kó o padà, ahọ́n á tún tì í síta. Ahọ́n yẹn ń ṣọ́ ọ̀nà ni. Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀ kí nǹkan má bàa há ọmọ lọ́fun. Tó bá di nǹkan bí oṣù mẹ́fà, á ṣí ọ̀nà fúnra ẹ̀. Eyín kì í ṣe àmì. Ọmọ kan lè hu eyín ní oṣù mẹ́rin, òmíràn lè pé ọdún kan kó tó hù. Kíki ọwọ́ bọ ẹnu náà kì í ṣe àmì, bẹ́ẹ̀ ni jíjí lóru kì í ṣe é.

Mo wá dé orí ohun tó ń dùn mí jù, ìyẹn rírọ ọmọ. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, wọ́n á fi ẹsẹ̀ há a, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ife sí i lẹ́nu, wọ́n á da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i. Ọmọ fẹ́ mí, imú ẹ̀ ti wà lábẹ́ ẹ̀kọ. Kó tó mí, ó ní láti gbé e mì. Tó bá sì ṣèèṣì mí kó tó gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀kọ yẹn ń lọ. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ihà á máa wọlé tó bá ń mí, ara á gbóná. Wọ́n á ní òtútù ló mú un. Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí ìyá àgbà ń sọ fún mi pé, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ lẹ́kọ ní àárọ̀ yìí ni, ara ẹ̀ le koko." Wọ́n rọ àwa náà, a ò kú, mo mọ̀. Àwọn tó kú ò sí níbí láti sọ tiwọn. Ẹ dákun, ẹ gbé ọmọ jókòó. Ẹ kọjú sí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ mú ṣíbí sún mọ́ ọn. Tó bá yẹnu, ẹ fún un. Tó bá yí orí padà, ó ti tó, ẹ fi sílẹ̀, ọmú wà níbẹ̀. Ṣíbí méjì sí mẹ́ta ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tó bá ti wá tó àsìkò, kí la máa fún un? Ọjọ́ kan mo wà ní Ọjà Olúwo, mo fẹ́ ra ẹja. Obìnrin tó ń ta á, ọwọ́ ẹ̀ yá, ẹja kún iwájú ẹ̀: àrọ̀, èpìyà, ọ̀bọ̀kún, edé wà nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn tó bí oṣù mẹ́wàá. Mo wo irun ọmọ yẹn, ó ti ń pọ́n. Mo wo apá ẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo bèèrè ohun tó ń jẹ. Ó fi fúláàsì hàn mí, ẹ̀kọ ni, ó ṣàn bí omi. Mo ní, "Ẹja ńkọ́?" Ó wò mí bíi pé n ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹja l'owó. Eegun sì lè há a." Mi ò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Ìlú tí gbogbo Èkó ti ń wá ra ẹja, ọmọ ẹlẹ́ja ń rù sẹ́yìn ìyá ẹ̀ láàárín ẹja.

Ẹ̀kọ dára, n ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Rírẹ àti kíkan tí ògì ń kan máa ń dín kòkòrò kù, àwọn baba ńlá wa gbọ́n. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. A rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a da èèrí fún ẹran. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń mú ọmọ dàgbà wà nínú èèrí yẹn. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ọmọ mu omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà a tún po ó kó ṣàn kó lè rọrùn láti rọ. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́fà ò gbà ju nǹkan bí ife kékeré kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Tí omi bá ti gba àyè yẹn, kí ló kù? Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà báyìí, ló kọ̀wé ní 1933 nípa àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí àgbàdo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ wọn: ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, ara wọn ń bó. Ní 1935 ó pè é ní orúkọ tí àwọn ará Gã ń pè é, kwashiorkor, àìsàn tó ń mú ọmọ tí àbúrò ti gba àyè ẹ̀ lẹ́nu ọmú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ogun abẹ́lé mọ bó ṣe rí.

Mo gbé abọ́ méjì wá. Ẹ wo èyí àkọ́kọ́: mo bu ẹ̀kọ, mo yí ṣíbí, ó dà nù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ìkejì: mo yí ṣíbí, ó dúró lórí ẹ̀. Bí ìkejì yìí ṣe ki ni kí oúnjẹ ọmọ máa ki, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ ni, àmọ́ ó ki, mo lọ edé gbígbẹ kúnná bí àtíkè sí i, mo lọ ẹ̀pà díẹ̀ sí i, mo kán epo pupa síbí kan sí i. Ẹ̀wà sóyà náà ṣe é pò mọ́ ògì. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, ti fi ìyẹn hàn tipẹ́. Eegun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ se ẹja, ẹ tú u pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀, ẹ tún wá inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wo ìkọ́kọrẹ́ wa: ewùrà rírin, ẹja, epo. Ṣé oúnjẹ ọmọ wá tún kọjá ìyẹn? Ẹ kàn bu tọmọ sọ́tọ̀ kí ata àti iyọ̀ tó wọ ọ́. Ẹ̀yin ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ tẹ́ ẹ máa ń ṣe Kayokayo lẹ́yìn Iléyá, tí gbogbo ilé máa ń se oúnjẹ tí àlejò ń jẹ yó, ọmọ tó pé oṣù mẹ́jọ náà wà lára ẹni tó yẹ kó yó lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe omi ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹran.

Ẹyin. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa wá. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran á di olè. Mo ti ronú sí i, mo rò pé ìgbà tí nǹkan wọ́n ni àwọn àgbà sọ ọ́, kí ohun tí a ò ní má bàa mọ́ ọmọ lára. Ẹyin ò mọ olè. Ẹyin kan tí a sè jinná, tí a run mọ́ iṣu tàbí ọ̀dùnkún, ń kọ́ ẹran ara àti ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ ẹran àti ẹ̀dọ̀ adìẹ, ẹ gé e kéékèèké, irin tó ń tán lára ọmọ ló kún inú ẹ̀. Ẹ má sì sá fún ẹ̀pà nítorí ẹ̀rù pé ara lè kọ̀ ọ́: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn ọmọ tó tètè ń jẹ ẹ̀pà kí wọ́n tó pé ọdún kan ni ara wọn kì í sábà kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ọmọ tí ẹ̀rù ń bani fún gan-an ni. Lílọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, kì í ṣe odidi. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Kẹ́ ẹ fún un ní oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tí ara ẹ̀ ò gbà.

Oyin ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ kó tó pé ọdún kan, kò sí àdéhùn nínú ìyẹn. Kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tó ń mú kí iṣan ọmọ rọ jọwọrọ. Súgà, iyọ̀, mọ́ọ̀tì, mílíìkì inú agolo tí a fi omi là: rárá. Láti oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí oúnjẹ sì máa le sí i. Tó bá pé ọdún kan, ohun tí ilé ń jẹ ni kó máa jẹ.

Ìyá kan fi ìwé kékeré ránṣẹ́ síwájú pé Ajah lòun ti ń ṣiṣẹ́, aago márùn-ún òwúrọ̀ lòun ń jáde, oṣù mẹ́ta ni ìsinmi òun. Àbúrò mi, mo gbọ́ ọ. Ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tiẹ̀ ní oṣù mẹ́fà láti 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, àmọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ò sí lábẹ́ ìyẹn, ta ló sì fẹ́ fún ẹlẹ́ja ní ìsinmi? N ò ní purọ́ fún ọ pé ó rọrùn. Fún ọmú pẹ̀lú ọwọ́ sínú ife tó mọ́ kó o tó jáde, kí ìyá àgbà fi ife kékeré tàbí ṣíbí fún ọmọ, kì í ṣe ìgò onírọ́bà tí kì í ṣe é fọ̀ mọ́. Nínú ooru wa, má jẹ́ kó pé wákàtí mẹ́rin níta. Tí ẹ bá ní kúlà àti yìnyín, ó sàn. Ìyá àgbà tó bá gbà láti máa fi ṣíbí fún ọmọ ọmọ ẹ̀ ní omi ọmú dípò ẹ̀kọ, ó ti ṣe iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì mẹ́wàá ò lè ṣe.

Kí a tó túká, Àlàájà kan dìde láti ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn pé oṣù márùn-ún àti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń jókòó tí wọ́n bá fi ìrọ̀rí tì í, tí wọ́n bá ń jẹun ó ń fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ wọn láti abọ́ dé ẹnu. Ṣé kí àwọn ṣì dúró ni? Mo ní, "Ẹ dúró, Ìyá mi, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Ẹ fún un ní ṣíbí òfìfo kó máa fi ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín." Wọ́n ní tó bá sunkún ńkọ́? Mo ní kí wọ́n gbé e fún ìyá ẹ̀. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí ìyàwó ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn, wọ́n ní, "O gbọ́? Lọ́la tá a bá dé Olúwo, rán mi létí kí n ra edé, kí n tètè sá a."